Bọ́ńpà Tó Ń Hu Ewú: Bí Ẹ Ṣe Lè Gba Ike Dúdú Ara Ọkọ̀ Yín Lọ́wọ́ Oòrùn

Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ọ̀dà ara ọkọ̀ ń dán, àmọ́ ike dúdú tó yí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ká ti hu ewú bí irùngbọ̀n bàbá arúgbó. Bí ẹ bá ní RAV4, CR-V, Matrix tàbí Xterra tó ti pẹ́ díẹ̀, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ìbéèrè kan náà ni àwọn èèyàn máa ń bi mí ṣáá: "Kí ni mo lè fi pa á tó máa dúdú padà?"

Ó yé mi pé orúkọ nǹkan tí ẹ máa rà lẹ fẹ́ gbọ́. Mo máa dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n fífọ̀ àti gbígbẹ ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí. Ẹni tó bá fi ìpara olówó ńlá pa ike tó dọ̀tí, ìdọ̀tí ló pa lára.

Ìyà ló kọ́ mi. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra RAV4 mi, láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kejìlá, mo fi òróró ẹ̀pà pa gbogbo ike ara rẹ̀, mo sì gbéra láti Èkó lọ sí Ìbàdàn. Ó ń dán gbinrin nígbà tí mo ń jáde nílé. Kí n tó dé Ògèrè, eruku ọyẹ́ ti lẹ̀ mọ́ ọn, bọ́ńpà iwájú wá rí bí ẹran súyà tí wọ́n yí nínú yájì. Odindi ọjọ́ méjì ni mo fi fọ̀ ọ́ kúrò.

## Kí ló ń sọ ọ́ di eérú?

Mi ò ní fa èyí gùn. Ike wọ̀nyí kò ní ọ̀dà lórí. Bí ẹ bá yọ ọ̀kan tí ẹ dojú rẹ̀ dé, ẹ sábà máa rí lẹ́tà PP (polypropylene, orúkọ irú ike náà) tí wọ́n tẹ̀ sínú rẹ̀, nígbà mìíràn PP+EPDM, ìyẹn ike tí wọ́n pò rọ́bà mọ́. Inú ike yẹn fúnra rẹ̀ ni àwọ̀ dúdú wà, wọ́n ti pò ó mọ́ ọn láti ilé iṣẹ́. Ìtànṣán oòrùn tí ojú wa kò rí ló ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti òkè, títí ojú rẹ̀ á fi sán wẹ́wẹ́. Ibi tó sán wẹ́wẹ́ yẹn ni ìmọ́lẹ̀ ń bá fọ́n ká, tí a fi ń rí eérú dípò dúdú.

Dúdú ọ̀hún ṣì wà nísàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ike fi máa ń dúdú bí ẹ bá da omi sí i, tí ewú á sì tún yọjú bí omi bá ti gbẹ. Òróró tí wọ́n ń fi pa á ní kaa-wọ́ọ̀ṣì, omi tó ń pẹ́ gbẹ ni.

Ní ilẹ̀ tiwa, oòrùn ń dúró gangan lórí wa lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ní Èkó, nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án ni. Ìkùukùu kì í sì í dí gbogbo ìtànṣán yẹn, nítorí náà, ẹ má gbàgbé ike yín torí pé òjò ń rọ̀.

## Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó náwó

Ẹ fi omi díẹ̀ fọ eruku ojú rẹ̀ kúrò, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ wá ṣe mẹ́ta yìí:

1. Ẹ wọ́n omi sí i. Bí omi bá dúró wóróbó-wóróbó bí ìgbà tó wà lórí ewé kókò, ààbò ṣì wà lórí ike náà. Bí omi bá tàn ká tí ike sì dúdú lábẹ́ rẹ̀, ààbò ti tán.
2. Ẹ fi ìka gbígbẹ rà á. Bí ìka bá mọ́, ewú yẹn kò tíì jinlẹ̀. Bí nǹkan funfun bí ẹfun bá bá ìka yín bọ̀, oòrùn ti jẹ ẹ́ wọlé.
3. Ẹ wo ibi tí funfun náà wà. Bó bá jẹ́ etí ibi tí ike ti pàdé ọ̀dà nìkan ló funfun, tó sì há sínú àwọn ihò kéékèèké ojú ike, ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ oòrùn rárá. Pólíìṣì tí wọ́n fi pa ara ọkọ̀ ló ta sí i tó gbẹ síbẹ̀.

Fún ti ẹ̀kẹta yẹn, ẹ mú ìrésà funfun tí ọmọ iléèwé fi ń pa ìwé rẹ́, ẹ fi rà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Á gbé pólíìṣì yẹn kúrò. Mo ti rí ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ odindi ike ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn nítorí irú funfun yìí, ìrésà ọmọ rẹ̀ ló sì yanjú ẹ̀.

## Ohun tí ẹ máa nílò

- Garawa méjì, ọ̀kan fún ọṣẹ, ọ̀kan fún omi ìṣàn
- Ọṣẹ olómi tí wọ́n ṣe fún fífọ ọkọ̀
- Búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀, àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó fún kọ̀rọ̀
- Táwẹ́ẹ̀lì microfiber mẹ́ta, ó kéré tán
- Spírítì láti kẹ́míìsì
- Tépù oníbébà tí àwọn péńtà ń lò
- Ìbọ̀wọ́ rọ́bà
- Fóòmù pẹlẹbẹ kékeré láti fi pa nǹkan
- Ìpara ike (mo máa ṣàlàyé èyí tó yẹ yín nísàlẹ̀)

Mi ò ní kọ iye owó síbí. Iye tí mo bá kọ lónìí, ọjà á ti sọ mí di òpùrọ́ lọ́la.

## Bí ẹ ṣe máa ṣe é

1. Ẹ wá ibòji. Àárọ̀ kùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ ló dára jù. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ike náà. Bó bá ṣì gbóná, ẹ mú sùúrù. Orí ike gbígbóná, ọṣẹ á gbẹ kí ẹ tó ṣàn án, ìpara á sì gbẹ ní àbàwọ́n-àbàwọ́n.

2. Ẹ kọ́kọ́ da omi lásán sí i. Kí yanrìn àti eruku ṣàn lọ kí búrọ́ọ̀ṣì tó kàn án. Bí ẹ bá ń lo ẹ̀rọ tó ń tú omi pẹ̀lú agbára, ẹ jìnnà sí i díẹ̀, kí omi má baà ká etí ike sókè.

3. Ẹ fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́. Ojú ike yìí kò tẹ́jú, ó ní ihò wẹ́wẹ́ bí awọ ọsàn, inú ihò yẹn sì ni ìdọ̀tí ń sá sí. Táwẹ́ẹ̀lì nìkan kò lè débẹ̀. Ẹ yí búrọ́ọ̀ṣì po, kí ẹ tún fà á lọ fà á bọ̀.

4. Ẹ wo ìfófòó ọṣẹ. Ìgbà àkọ́kọ́, á dà bí omi ìfọṣọ mẹkáníìkì. Ẹ ṣàn án, kí ẹ tún fọ̀ ọ́. Tèmi gba ẹ̀ẹ̀mẹrin kí ìfófòó tó funfun, òróró ẹ̀pà ọjọ́sí wà níbẹ̀. Ẹ má kúrò ní ìgbésẹ̀ yìí títí ìfófòó á fi funfun.

5. Ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ sì fún un láyè. Omi máa ń fara pamọ́ sẹ́yìn dígí ẹ̀gbẹ́, sábẹ́ ike ẹsẹ̀ táyà, sínú ojú ihò skúrù. Ẹ ó nù tán, ẹ ó yíjú padà, á ti tún ṣàn wá sílẹ̀ sórí ibi tí ẹ ti pa. Ẹ fi nǹkan bí wákàtí kan sílẹ̀, tàbí kí ẹ wa ọkọ̀ náà dé òpin àdúgbò kí ẹ padà.

6. Ẹ fi tépù bo etí ọ̀dà. Pàápàá bí ọkọ̀ yín bá funfun tàbí tó jẹ́ àwọ̀ fàdákà, tó sì jẹ́ aró dúdú lẹ fẹ́ lò.

7. Ẹ fi spírítì nù ún. Ẹ fi omi là á, ìdajì sí ìdajì, ẹ rẹ táwẹ́ẹ̀lì mímọ́ sínú rẹ̀, kí ẹ fi nu ike nìkan. Èyí ló ń ká òróró tó ṣẹ́kù kúrò. Ẹ má mu sìgá nítòsí, ẹ má sì dáná sítòsí; spírítì kì í ṣeré pẹ̀lú iná. Ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ní báyìí ike á funfun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ má bẹ̀rù: bó ṣe rí gan-an nìyẹn, òróró ló ń bò ó.

8. Ẹ dán ìpara wò níbi tó fara sin. Abẹ́ bọ́ńpà ẹ̀yìn dára fún èyí. Ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ wò ó lójú oòrùn.

9. Ẹ pa á ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Orí fóòmù lẹ máa kán an sí, ẹ má tú u sórí ike tààrà, torí á ta sára gíláàsì. Ẹ ṣe é ní apá kan lẹ́ẹ̀kan, ẹ tẹ̀ ẹ́ wọnú ihò ike. Ó dára kí ẹ pa á lẹ́ẹ̀mejì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan tó nípọn lọ.

10. Ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì gbígbẹ nu èyí tó ṣẹ́kù. Kò gbọdọ̀ yọ̀ lọ́wọ́. Ẹ yọ tépù kúrò kí ó tó gbẹ mọ́ ọn.

11. Ẹ gbà á lọ́wọ́ omi. Ìgò ìpara á sọ iye wákàtí. Bí kò bá sọ, ẹ fún un ní odindi ọjọ́ kan. Nígbà òjò, èyí nìkan lè mú kí ẹ sún iṣẹ́ náà sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ sún un.

## Èwo lẹ máa rà nínú ìpara?

Oríṣi mẹ́ta ni, iṣẹ́ wọn kò sì jọra. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ná owó dànù.

Èyí tó ń dáàbò boni. Ó máa ń ṣàn bí omi, kì í yọ̀ bí òróró. Ẹ wá ọ̀rọ̀ UV (ìtànṣán oòrùn tí ojú kò rí yẹn) àti water-based (èyí tí wọ́n fi omi pò) lára ìgò rẹ̀. Irú rẹ̀ ni 303 Aerospace Protectant. Kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ewú di dúdú. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ewú má hù. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, ẹ tún un pa. Bí ike yín bá ṣì dúdú, èyí ni kí ẹ rà, kí ẹ sì fi àwọn yòókù sílẹ̀.

Aró. Èyí wà fún ike tó ti hu ewú. Ó ń wọnú ojú ike lọ, ó sì ń pa á láró bí ìgbà téèyàn ń pa irun láró. Díẹ̀ ni ẹ máa lò. Ẹ̀kán mẹ́rin márùn-ún á pa ike ilẹ̀kùn kan tán. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ wọ aṣọ tí kò jẹ yín lógún. Ẹ má sì ṣe é lórí sìmẹ́ńtì tí ìyàwó tàbí landlọ́ọ̀dù ń tọ́jú, torí pé àmì rẹ̀ kì í lọ bọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, mo máa ń fi ti àkọ́kọ́ yẹn lé e lórí.

Ceramic fún ike. Ìgò kékeré bí ìgò òògùn ojú. Bó bá gbẹ tán, ó yi mọ́ ojú ike, ó sì lè lo ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ẹni tí kò ráyè. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í dárí jini: bí ike bá dọ̀tí tàbí tí ẹ fi ibì kan sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló máa rí títí ẹ ó fi fi nǹkan họ ọ́ kúrò. Bí ẹ kò bá ṣe ìgbésẹ̀ kẹrin àti ìkeje dáadáa, ẹ má ra èyí.

Ohun kẹrin wà tí wọ́n ń tà káàkiri: ìpara tó ń dán yọ̀yọ̀, tí wọ́n ń fi pa táyà. Bó bá ṣì ń yọ̀ lọ́wọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, eruku ló ń pè. Òjò àkọ́kọ́ á sì fọ̀ ọ́ sára ọ̀dà ní ìlà-ìlà.

## Àwọn ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fi kan án

Mo gbé ọkọ̀ lọ síbi kan tí wọ́n ti ń fọ ọkọ̀, ọmọkùnrin ibẹ̀ sọ fún mi pé, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ n fi nǹkan sí i lára, á dán bíi tuntun." Ó mú ìgò omi kan wá tí nǹkan dúdú wà nínú rẹ̀ dé ìdajì. Mo ṣí ìdérí, mo gbóòórùn rẹ̀: ọ́ìlì tí wọ́n yọ nínú ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n fi dísù là.

"Àbúrò, ṣé èyí lẹ fi ń pa tèmi látọjọ́ yìí?"

"Gbogbo kọ́sítọ́mà ló fẹ́ràn ẹ̀, sà."

Kò parọ́. Ó ń dán lóòótọ́, fún ọjọ́ mẹ́ta.

- Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, dísù, kẹrosíìnì, pẹtiróòlù. Rọ́bà tó yí gíláàsì ilẹ̀kùn ká kì í fẹ́ òróró mọ́tò. Á mu ún, á wú, á sì rọ̀. Pẹtiróòlù tún lè jó yín.
- Òróró ẹ̀pà, òróró pupa, Vaseline. Ẹ ti gbọ́ ìtàn tèmi. Bí òróró oúnjẹ bá pẹ́, á tún máa lẹ̀ pẹ́tẹ́pẹ́tẹ́.
- Hypo, Jik àti irú wọn. Wọ́n ń bó àwọ̀. Àwọ̀ lẹ ń wá.
- Kíwì bàtà. Òjò kan ṣoṣo, á ṣàn sára ọ̀dà. Aṣọ funfun ẹni tó bá fara kan án náà kò ní bọ́.
- Kànrìnkàn onírin, sáńdípépà. Ó ń fá ihò wẹ́wẹ́ ojú ike tán, ibẹ̀ á sì máa dán yàtọ̀ sí yòókù títí ayé.
- Pólíìṣì ọ̀dà. Ẹ ti mọ ohun tí ìrésà wà fún.

## Bó bá ti kọjá ìpara ńkọ́?

Bí ìka yín bá funfun bí ẹni di ẹfun mú, ẹ fọ ike náà lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ fi aró pa á. Bí aró kò bá mú, ọ̀nà mẹ́ta ló kù.

*Iná.* Àwọn kan máa ń fi ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná, tàbí iná gáàsì pàápàá, sun ojú ike náà fẹ́ẹ́rẹ́. Ó ń dúdú padà lóòótọ́, ẹ máa rí i bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ lójú yín, nítorí pé ojú tó sán yẹn ló ń yọ́ pa pọ̀. Ṣùgbọ́n ike PP ń yọ́ pátápátá ní nǹkan bí 160°C, ẹ̀rọ yẹn sì lè gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lójú kan, ó ti wó. Ọ̀dà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lè jó, gíláàsì lè sán, wáyà wà lẹ́yìn bọ́ńpà, ojú táǹkì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Lẹ́yìn gbogbo ewu yìí, bí ẹ kò bá fi ààbò lé e, oòrùn á tún mú un. Èmi kì í ṣe é.

*Ọ̀dà.* Ọ̀dà lásán kì í lẹ̀ mọ́ ike PP. Á ṣí bí awọ ejò. Ó ní nǹkan kan tí kò ní àwọ̀ tí péńtà gbọ́dọ̀ fọ́n sí i kí ọ̀dà tó kàn án, adhesion promoter ni wọ́n ń kọ sára agolo rẹ̀. Ẹ bi péńtà yín bóyá ó ní in. Bó bá sọ pé kò pọn dandan, ẹ gbé ọkọ̀ yín kúrò níbẹ̀.

*Pípààrọ̀.* Bí ike bá ti sán tàbí tó ti ṣẹ́ níbi tó ti wọ klíìpù, èyí ló kù. Ẹ lè rí tokunbo rẹ̀ ní Ládípọ̀ ní Múṣin, tàbí ní Aráròmí ní Agodi Gate n'Ìbàdàn. Ẹ mú èyí tó bàjẹ́ lọ́wọ́ lọ, kí ẹ fi wọ́n wé ara wọn: ti ọdún kan sí èkejì lè yàtọ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ ọkọ̀ kan náà. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi ìka àti omi dán an wò. Ọlọ́jà lè ti pa á lóróró láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, nítorí náà ẹ mú táwẹ́ẹ̀lì tí ẹ ti fi spírítì rẹ dání, ẹ fi nu igun kan. Ẹ má ṣe gbàgbé klíìpù, torí èyí tó wà lára tiyín máa ṣẹ́ nígbà tí ẹ bá ń yọ ọ́.

## Ibi tí ẹ ń gbé ọkọ̀ sí

Ibòji kì í gba owó. Láti nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ìtànṣán yẹn ń mú jù. Bó bá jẹ́ ojú kan náà lẹ ń gbé ọkọ̀ sí níbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, ẹ̀gbẹ́ kan á gbó ju èkejì. Ẹ máa yí i: lọ́sẹ̀ yìí kí iwájú wọlé, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kí ẹ fi ẹ̀yìn wọlé.

Abẹ́ igi dára, ṣùgbọ́n ẹ wòkè kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Igi máńgòrò àti igi furúùtù ń kán oje, àdán sì ń sùn lórí wọn. Ìgbẹ́ ẹyẹ tàbí ti àdán lórí ọ̀dà, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ fọ̀ ọ́.

Bí ẹ bá ní aṣọ ìbomọ́tò, ẹ má fi bo ọkọ̀ tó kún fún eruku. Atẹ́gùn á máa mi ín, yanrìn abẹ́ rẹ̀ á máa ha ọ̀dà. Nígbà ọyẹ́, mo máa ń pa tèmi tì.

## Lóṣooṣù

- Ẹ fọ ike pẹ̀lú ọṣẹ ọkọ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì
- Ẹ wọ́n omi sí i, kí ẹ wo bó ṣe dúró
- Ẹ tún èyí tó ń dáàbò boni pa, bí omi bá ti ń tàn ká
- Ẹ sọ fún ẹni tó ń bá yín fọ ọkọ̀ pé kó má fi nǹkan kan sí ike lára, kí ẹ sì fún un lówó rẹ̀ pé, torí òróró yẹn wà lára ohun tó fi ń wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀

Abẹ́ wáípà ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò. Ike ibẹ̀ sùn gbalaja sójú oòrùn, ooru ẹ́ńjìnnì ń bá a láti ìsàlẹ̀, ewé àti eruku sì ń há síbẹ̀. Òun ló máa ń kọ́kọ́ hu ewú lára ọkọ̀. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ kó ewé ibẹ̀ kúrò, kí ẹ kán omi díẹ̀ sí i. Bí omi ibẹ̀ bá ti tàn ká, ẹ má dúró de bọ́ńpà. Ẹ gbé ìgò ìpara yín jáde.